Bluetooth Tó Ń Já Lórí Kọ̀ǹpútà: Ibi Tí Ó Wà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣiṣẹ́ mọ ìyọnu yìí dáadáa. Máòsì á máa rìn geere, á ṣàdédé dúró, lẹ́yìn náà á fò lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò darí rẹ̀ sí. Orin á máa já gédé-gédé nínú earpiece. Kíbọ́ọ̀dù á gbé lẹ́tà kan mì, tàbí kó tẹ ẹyọ lẹ́tà kan lé ara rẹ̀ léraléra. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á pa Bluetooth, wọ́n á tún un tàn, wọ́n á pa ìsopọ̀ rẹ́ kí wọ́n tó tún un so, wọ́n á yọ driver, ìyẹn ètò tó ń darí rẹ̀, kúrò, wọ́n á fi òmíràn sí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, wọ́n á lọ ra earpiece tuntun. Èrò tèmi ni pé ìdí ni wọ́n ti ń mú iṣẹ́ náà bọ̀ wá sí orí. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ibi tí rédíò Bluetooth wà àti ohun tó yí i ká ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò náà kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì máa ń fi ohun tí driver tuntun kò lè fi hàn hàn wá.

Rédíò ni Bluetooth, a kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ericsson ní ìlú Lund, ní orílẹ̀-èdè Sweden, ni Jaap Haartsen, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Netherlands, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé e lórí ní ọdún 1994. Nígbà tó di 1998, Ericsson, Intel, IBM, Nokia àti Toshiba para pọ̀ dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń lo bátìrì yóò ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, tí bátìrì kò sì ní tètè tán. Torí náà ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fún un. Ní ìpele agbára tí wọ́n ń pè ní class 2, tí ọ̀pọ̀ earpiece wà, agbára tí ẹ̀rọ ń tú jáde kò ju milliwatt 2.5 lọ, bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ Yúróòpù gba Wi-Fi láyè láti dé milliwatt 100 lórí ìgbì kan náà. Láti megahertz 2,400 títí dé 2,483.5 ni ìgbì ọ̀hún, èyí tí a sábà ń pè ní 2.4 GHz. Kò sí ẹni tó nílò ìwé àṣẹ kó tó lò ó, ìdí sì nìyí tí gbogbo ayé fi wọ́ jọ síbẹ̀: Wi-Fi, máòsì aláìní wáyà tí kì í ṣe Bluetooth, títí dé ẹ̀rọ microwave tí a fi ń gbé oúnjẹ gbóná. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ojú ìgbì yìí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ṣe Bluetooth mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì múra sílẹ̀ dè é. Wọ́n pín ojú ìgbì náà sí ọ̀nà 79, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó megahertz 1, wọ́n sì ṣètò pé kí ẹ̀rọ méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ máa fò láti ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn nígbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun tí wọ́n rán bá kọlu ti ẹlòmíràn, wọ́n á tún un rán lójú ọ̀nà mìíràn. Ní 2003, ẹ̀dà 1.2 fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n: ẹ̀rọ á máa ṣàkíyèsí ojú ọ̀nà tí kò dára, á sì máa yẹra fún un. Wi-Fi kan sábà máa ń gba nǹkan bí 20 nínú ọ̀nà 79 náà, àyè tó ṣẹ́ kù ṣì pọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń di gbogbo ẹ̀bi ru Wi-Fi aládùúgbò. Níbi tí router pọ̀ sí, tí wọ́n kún chánẹ́ẹ̀lì Wi-Fi 1, 6 àti 11 bámúbámú, ìṣòro lè wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí Wi-Fi kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, fífò yẹn ló yẹ kó gba Bluetooth sílẹ̀. Ohun tí fífò kò lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ariwo tó bo gbogbo ọ̀nà 79 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú ariwo bẹ́ẹ̀ wà, inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló sì ti ń jáde.

Ihò USB 3.0 ni orísun rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Intel gbé ìwé kan jáde tó dá lórí ohun tí USB 3.0 ń ṣe sí àwọn ẹ̀rọ aláìlówáyà tó wà lórí 2.4 GHz. Intel wà lára àwọn tó ṣe ìlànà USB, nítorí náà kì í ṣe ẹnu ọ̀tá ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ìṣirò rẹ̀ kò le. USB 3.0 ń rán ẹyọ ìsọfúnni bílíọ̀nù 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ yálà 1 tàbí 0. Bí 1 àti 0 bá ń tẹ̀ lé ara wọn, méjèèjì ló para pọ̀ di ìyípo kan, iye ìyípo náà yóò sì jẹ́ bílíọ̀nù 2.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 2.5 GHz nìyẹn, ẹnu ààlà ilé Bluetooth gan-an. Ṣùgbọ́n 1 àti 0 kì í sábà tò tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń dà wọ́n rú ni, ariwo náà á sì tàn káàkiri ojú ìgbì láìfi ibì kan sílẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Intel so hard disk USB 3.0 mọ́ kọ̀ǹpútà, ariwo lórí 2.4 GHz fi nǹkan bí decibel 20 ga sókè, ìyẹn ni pé ó di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ó ń jáde láti ibi tí wáyà ti wọ inú ihò, láti ara wáyà, àti láti ara ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn, pàápàá tí wọn kò bá fi irin bo ibẹ̀ dáadáa. USB 2.0 kò ní wàhálà yìí, torí pé mílíọ̀nù 480 péré ló ń rán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí sì jìnnà sí 2.4 GHz.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ki Bluetooth kékeré oní-USB bọ̀. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ hard disk tàbí flash drive tó wà nínú ihò aláwọ̀ búlúù, àwọ̀ tí wọ́n sábà fi ń ṣàmì USB 3.0. Bí ẹni ń gbìyànjú láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ló rí. Àyẹ̀wò ibẹ̀ rọrùn: ẹ yọ gbogbo ohun tó wà nínú ihò USB 3.0, kí ẹ gbọ́ orin fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá so hard disk padà, kí ẹ máa da fáìlì ńlá kan kọ sórí rẹ̀ bí orin ti ń lọ lọ́wọ́. Bí orin bá ń já nígbà tí fáìlì ń lọ, tó sì dákẹ́ jíjá nígbà tí fáìlì parí, a ti mú olè náà. Wáyà USB 2.0 tí a fi ń fa nǹkan gùn, tó gùn tó mítà kan, ni òògùn rẹ̀. Ẹ fi gbé Bluetooth náà wá sórí tábìlì, níbi tí òun àti earpiece tàbí máòsì á ti máa wo ojú ara wọn. Bí ọ̀nà tó wà láàárín rédíò àti ohun tó ń pariwo bá di ìlọ́po méjì ní gbangba, agbára ariwo á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré lè yí ọ̀rọ̀ padà. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé USB 2.0 yóò fa ọwọ́ Bluetooth sẹ́yìn. Bluetooth tí a fi ń gbọ́ orin kò lè rán ju ẹyọ ìsọfúnni mílíọ̀nù 3 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mílíọ̀nù 480 sì wà nílẹ̀ fún un.

Àwọn tí Bluetooth tiwọn wà nínú kọ̀ǹpútà náà, tí kì í ṣe èyí tí a ń kì bọ USB, kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irin ni àpótí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní CPU, irin kì í sì í jẹ́ kí ìgbì rédíò kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe é fi ń gbé áńtẹ́nà sí ìta, lẹ́yìn àpótí, nípa kíkì í mọ́ káàdì tó ń ṣe Wi-Fi àti Bluetooth pọ̀. Ẹni tó bá ń lo wáyà fún íntánẹ́ẹ̀tì lè rò pé òun kò nílò áńtẹ́nà Wi-Fi, kó sì fi í sílẹ̀ nínú páálí, láìmọ̀ pé òun kan náà ni Bluetooth fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ì báà jẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ihò kékeré méjì onírin aláwọ̀ wúrà tí kò sí ohunkóhun lórí wọn, ẹ béèrè áńtẹ́nà wọn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Lórí ọ̀pọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀, áńtẹ́nà kan náà ni Wi-Fi àti Bluetooth jọ ń pín lò, nítorí náà ẹni tó bá ń lo Wi-Fi yóò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ bó bá kó o lọ sórí 5 GHz. Ẹ má gbàgbé ara ènìyàn pẹ̀lú: omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi sì máa ń gbé ìgbì 2.4 GHz mì. CPU tó wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí áńtẹ́nà rẹ̀ kọjú sí ògiri, ní láti la irin, pákó àti itan ẹni tó jókòó kọjá kó tó dé etí rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Earpiece yìí kan náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú fóònù mi, nítorí náà kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́.” Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára, ó sì dá earpiece láre. Apá kejì ni kò tọ́. Ọwọ́ tàbí àpò ẹni tó ń lo fóònù ni fóònù máa ń wà, wọ́n ti fara balẹ̀ wá àyè fún áńtẹ́nà rẹ̀, kò sì sí hard disk USB 3.0 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní ọ̀kankan nínú àǹfààní wọ̀nyí. Kí ẹ tó pè é ní òkú, ẹ gbé earpiece sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá já mọ́, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó sọ pé driver ni, torí pé lẹ́yìn tí Windows ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀. N kò ní sọ pé wọ́n parọ́. Driver máa ń bàjẹ́, ètò tó ń ṣọ́ iná mọ̀nàmọ́ná lò sì máa ń mú rédíò sùn nígbà tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n ìwà àìsàn méjèèjì yàtọ̀. Ariwo máa ń mú kí nǹkan já nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó sì máa ń yí padà bí a bá ṣe ń sún ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn. Ti driver kò ka ibi tí a jókòó sí kún: Bluetooth á pòórá pátápátá nínú ètò kọ̀ǹpútà, tàbí kó kọ̀ láti sopọ̀ lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá jí lójú oorun, tàbí kí máòsì máa pẹ́ kó tó dáhùn ní gbogbo ìgbà tí a bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Fún irú èyí, ẹ wọ Device Manager lórí Windows, ẹ wá Bluetooth, kí ẹ sì mú àmì kúrò níbi tí wọ́n ti gba kọ̀ǹpútà láyè láti pa á kó lè ṣọ́ iná lò. Ẹ gba driver láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà tàbí motherboard yín. Lórí Linux, autosuspend inú btusb, ìyẹn driver Bluetooth rẹ̀, ni kí ẹ pa. Ayédèrú pẹ̀lú wà: àwọn Bluetooth oní-USB kan ń pe ara wọn ní ti ilé iṣẹ́ CSR nígbà tí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pọ̀ débi pé àwọn tó ń kọ Linux ní láti kọ apá kan tó ń dá wọn mọ̀ sínú rẹ̀. Ibi tí a gbé irú ìyẹn sí kò lè tún un ṣe; kí a pààrọ̀ rẹ̀ ló kù.

Ohun kan tún wà tí a ń pè ní àìsàn tí kì í ṣe àìsàn. Bí orin bá ń dún kedere, tí ohùn rẹ̀ wá ṣàdédé dà bíi ti tẹlifóònù àtijọ́ nígbà tí ẹ wọ ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe pé Bluetooth já. Ó bọ́ sórí ìlànà mìíràn ni, èyí tó ń gbé ohùn lọ tó sì ń gbé e bọ̀, àyè tó wà fún un kò sì gba ohùn tó dára lọ́nà méjèèjì. Gbohùngbohùn mìíràn tó ní wáyà, tí a yàn nínú ètò ìpàdé náà, yóò dá orin padà sí bó ṣe wà.

Ní ti àwọn tó ń polówó Bluetooth 5 gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn, òótọ́ ni pé ẹ̀dà tó jáde ní 2016 yẹn mú kí ìgbì lè rìn jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n apá oní-agbára kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní Low Energy, ni àtúnṣe ọ̀hún wà fún. Ọ̀pọ̀ earpiece ṣì ń gba orin lórí ìlànà àtijọ́. Ẹni tó ra 5 tó sì kì í bọ ihò kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hard disk kan náà yóò tún bá ariwo kan náà pàdé.

Ẹ̀yin tó ń kó kọ̀ǹpútà jọ fún títà, ẹ fi ihò USB 2.0 sí iwájú rẹ̀, kí ẹ má sì yọ áńtẹ́nà kúrò nínú ohun tí ẹ ń gbé lé oníbàárà lọ́wọ́. Ẹ̀yin tó ń ta Bluetooth oní-USB, ẹ fi wáyà kékeré kan sínú páálí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lò ó, ẹ yọ hard disk kúrò nítòsí Bluetooth yín lónìí kí ẹ tó ná owó kankan.