Àìsàn Ọpọlọ Àti Ẹ̀tọ́ Òbí Lórí Ọmọ

Bí àìsàn ọpọlọ bá kọlu òbí kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun méjì ni ìjọba lè ṣe nípa ọmọ rẹ̀, kò sì yẹ kí a da èkíní pọ̀ mọ́ èkejì. Wọ́n lè gbé ọmọ náà fún alágbàtọ́ títí ara òbí rẹ̀ yóò fi yá. Adájọ́ sì lè fi òpin sí ẹ̀tọ́ òbí náà pátápátá, débi pé a lè fi ọmọ fún ẹlòmíràn ṣọmọ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bí i. Ti ìkẹyìn yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkàwé wa sọ, gẹ́gẹ́ bí òfin ìpínlẹ̀ New York ti là á sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ń tọ́ ọmọ níbẹ̀ kì í ṣe díẹ̀.

Kí a tó lè gbé irú ẹjọ́ yìí wá, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ alágbàtọ́ fún ọdún kan gbáko. Adájọ́ yóò pàṣẹ kí amòye nípa àìsàn ọpọlọ yẹ òbí náà wò, yóò sì gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tí a ní láti fi hàn ni pé, nítorí àìsàn náà, òbí yìí kò lè tọ́jú ọmọ bí ó ti yẹ nísinsìnyí, àti pé kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ iwájú tí ojú lè rí. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni ó ń kọ wá lóminú. Àìsàn ọpọlọ mìíràn a máa lọ, a sì máa bọ̀. Ìyá tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́ lónìí lè máa wẹ̀ fún un, kí ó sì máa bọ́ ọ, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ó ti ń lo oògùn rẹ̀. Ojú ta ni yóò rí i ṣáájú?

Lóòótọ́, ní ọdún 1982, nínú ẹjọ́ Santosky, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀rí tí ó kàn fi díẹ̀ wúwo ju ti ẹnì kejì lọ kò tó láti ya òbí nípa sí ọmọ. Ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ dájú kedere. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: bí a bá pe òbí lẹ́jọ́ pé ó pa ọmọ tì, ilé iṣẹ́ alágbàtọ́ ní láti fi hàn pé òun ti sa ipá òun láti ràn án lọ́wọ́, adájọ́ sì lè dá ìdájọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ kí òbí náà lè tún ìwà rẹ̀ ṣe. Aláìsàn kò ní àyè méjèèjì yìí. Àwa kò rí ìdí tí àánú fi yẹ kí ó kéré sí ẹni tí àrùn dá gúnlẹ̀.

A kò gbàgbé ọmọ. Ọmọ tí a ń gbé láti ilé dé ilé kò lè fìdí kalẹ̀ níbì kan, nítorí èyí ni òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1997 ṣe ní kí ìpínlẹ̀ pe ẹjọ́ yìí bí ọmọ bá ti lo oṣù 15 nínú oṣù 22 lọ́wọ́ alágbàtọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà pé wọ́n lè má pè é bí ó bá jẹ́ pé ìbátan ni ó ń tọ́jú ọmọ náà. Láti ọdún 2011 pẹ̀lú, New York ń san owó ìtọ́jú fún ìbátan tí ó ti jẹ́ alágbàtọ́ ọmọ tí ó sì wá di alábòójútó rẹ̀, láìjẹ́ pé a pa ẹ̀tọ́ ìyá rẹ́. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá tí ó bá wà nítòsí má ṣe jókòó sílé máa sunkún. Kí ó lọ bá ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ tí a bá gbé ọmọ lọ gan-an, kí oṣù 15 yẹn tó pé.