Kò sí àdúgbò tó ń jẹ́ Ìdí-Koríko

Ẹ wo orúkọ àwọn àdúgbò wa dáadáa. L'Ékòó, a ní Ìdí-Máńgòrò. N'Íbàdàn, a ní Ìdí-Ìṣin. Igi eléso làwọn àgbà fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Mi ò tíì gbọ́ àdúgbò tó ń jẹ́ Ìdí-Koríko rí.

Àmọ́ koríko la wá ń gbìn báyìí. Ẹ wọ ẹ́sítéètì tuntun ní Lẹkki tàbí Àkóbọ̀: koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí irun ṣọ́jà níwájú ilé, íńtálọ́ọ̀kì lẹ́yìn. Ó mọ́, ó sì dùn ún wò lórí Instagram. Kí ni ọmọdé fẹ́ ká jẹ níbẹ̀?

Nínú ọgbà ilé tí mo dàgbà sí n'Íbàdàn, gúáfà wà lẹ́bàá kànga, máńgòrò wà lẹ́yìn ilé ìdáná, agbálùmọ̀ wà lẹ́nu géètì. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ni agbálùmọ̀ tó já lóru. Èèpo rẹ̀ la máa ń jẹ títí á fi di ṣíngọ́ọ̀mù. Tí máńgòrò bá pọ̀, wọ́n á bù ú sínú abọ́, wọ́n á ní ká gbé e lọ fún àwọn ará ilé kejì. Báyẹn la ṣe mọ aládùúgbò.

Ilé ìwé ni igi yẹn tún jẹ́. Ìdí igi lọmọdé ti ń kọ́ pé a kì í jẹ ìṣin tí kò tíì lanu fúnra rẹ̀, torí pé májèlé ni. Ọmọ tó jẹ́ pé inú ọ̀rá, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ló ti ń rí èso, ta ló fẹ́ kọ́ ọ?

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: ilẹ̀ ti wọ́n, ewé ń dí gọ́tà, gbòǹgbò ń la fẹ́ǹsì. Òótọ́ ni. Àmọ́ koríko náà ń mu omi, ẹni tó ń gé e sì ń gbowó. Íńtálọ́ọ̀kì ní tiẹ̀ kì í jẹ́ kí omi òjò ráyè wọlẹ̀ dáadáa. Ojú títì ló ń lé e sí.

Ṣé ayálégbé lẹ ní ẹ jẹ́? Ìbẹ́pẹ lè so láàárín ọdún kan, kò sì gba àyè púpọ̀. Máńgòrò tí wọ́n so ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ ìdí òmíràn lè so ní bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. NIHORT, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ láti 1975, Ìdí-Ìṣin gan-an ló wà.

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láìda kọnkéré sí i. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ tọrọ igun kan, kẹ́ ẹ gbin ẹyọ kan kí òjò ọdún yìí tó dá. Ó lè má jẹ́ ọmọ yín ló máa jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹni tó máa gba yàrá yẹn lẹ́yìn yín. Kò burú. Ọ̀pọ̀ wa tó jẹ máńgòrò dàgbà ni ò mọ ẹni tó gbìn ín.