Epo Dísù àti Èròjà Àfikún Rẹ̀: Bí A Ṣe Lè Yan Èyí tí ó Yẹ Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù

1. Ìfáárà

Kò sí ẹni tí kò mọ bí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ti wúlò tó ní ilẹ̀ wa. Òun ni ó ń kó kòkó láti oko dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń rà á. Òun ni ó ń gbé sìmẹ́ńtì dé ibi tí a ti ń kọ́lé. Òun náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń gùn dé àwọn abúlé tí ọ̀nà wọn kò dán. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni ó ń lo epo dísù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́ sójú ọ̀nà, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó pàdánù; àgbẹ̀ tí ẹrù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ àti aláìsàn tí ń retí oògùn pẹ̀lú wọn ni.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré lọ ra èròjà kan nínú ìgò, wọn a sì dà á sínú táǹkì láì mọ ohun tí ń ṣe ọkọ̀ náà. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí a ti ra epo àti bí a ṣe pa á mọ́ ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí a lè rà nínú ìgò lọ. Èròjà àfikún kì í wúlò àfi nígbà tí a bá ti mọ àbùkù pàtó tí a fẹ́ kí ó mú kúrò.

2. Iṣẹ́ méjì tí epo dísù ń ṣe

Ní ọdún 1897, ní ìlú Augsburg ní ilẹ̀ Jámánì, Rudolf Diesel fi ẹ̀rọ kan hàn tí kò nílò púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná sí epo bí ti ẹ̀rọ tí ń lo bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ nìkan ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń fà wọlé. Písítìnnì yóò wá fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ títí yóò fi gbóná ju 500°C lọ. Ìgbà náà ni nọ́súlù yóò fọ́n epo sínú rẹ̀ bí ìkùukùu, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀.

Bí epo ṣe ń yá láti gbiná nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí ni a ń fi nọ́ńbà cetane díwọ̀n. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ni pé nọ́ńbà náà kò gbọdọ̀ dín ní 51. Ní Amẹ́ríkà, kò gbọdọ̀ dín ní 40. Bí ó bá kéré jù, epo yóò kọ́kọ́ kóra jọ kí ó tó gbiná, gbogbo rẹ̀ yóò sì bú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fa ìró kíkankan bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin, àti èéfín funfun ní òwúrọ̀, nìyẹn.

Iṣẹ́ kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Epo dísù kì í ṣe ohun jíjó lásán. Òun náà ni ó ń mú kí irin inú nọ́súlù, àti irin inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ póńpù tí ń ti epo, máa yọ̀ lára irin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í dé ibẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ìgbàlódé, póńpù ń fi agbára tí ó ju ìlọ́po 1,000 ti afẹ́fẹ́ ayé lọ ti epo. Àlàfo tí ó wà láàrin irin àti irin kò sì ju ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ. Ẹyọ iyanrìn kan tí ojú kò lè rí tó láti ha irú irin bẹ́ẹ̀.

3. Imí-ọjọ́ inú epo

Láti inú ilẹ̀ ni imí-ọjọ́ ti wà nínú epo rọ̀bì. Bí ó bá jóná nínú ẹ̀rọ, èéfín rẹ̀ pẹ̀lú omi a máa di ásíìdì, ásíìdì yìí a sì máa ba ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jẹ́ kí ọjọ́ tí ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀ tó pé. Ó tún ń sọ èéfín sàléńsà di púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí kò ní ọkọ̀ pàápàá, nítorí pé ní ọdún 2012 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín ẹ̀rọ dísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Nítorí èyí, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006 sí í fi òfin dín imí-ọjọ́ inú epo dísù ojú pópó kù sí ìdá 15 nínú mílíọ̀nù kan. Láti ọdún 2009, ìdá 10 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà láàyè. Ní ọdún 2020, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fi ẹnu kò sí i pé láti ọdún 2021, imí-ọjọ́ inú epo tí a bá ń kó wọ ẹkùn yìí kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti èbúté dé ẹnu táǹkì ọkọ̀, ohun púpọ̀ sì lè ṣẹlẹ̀ sí epo lójú ọ̀nà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ti wọlé. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí a ṣe fún Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ni ó ní asẹ́ tí ń gba èéfín dúdú nínú sàléńsà. Epo tí imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ń ba irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́, kò sì sí èròjà inú ìgò tí ó lè yọ imí-ọjọ́ kúrò nínú epo. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè irú epo tí yóò máa rí rà ní àdúgbò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n yíyọ imí-ọjọ́ kúrò ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilẹ̀ Sweden mú epo dísù kan jáde tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré gan-an. Kò pẹ́ tí irin inú póńpù àwọn ọkọ̀ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. A wá rí i pé ọ̀nà tí a fi ń fọ imí-ọjọ́ kúrò ni ó ń fọ àwọn èròjà tí ń mú irin yọ̀ kúrò pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé ìfọpo ti ń dá èròjà ìyọ̀ padà sínú epo kí ó tó jáde. Epo tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá láì sí àdàlù kò tún nílò ìyọ̀ mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á.

4. Omi, ìdọ̀tí àti àdàlù

Omi ni ọ̀tá epo dísù tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ olóoru. Bí táǹkì kò bá kún, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ a máa di ìrì ní òru, a sì máa ṣàn sísàlẹ̀, nítorí pé omi wúwo ju epo lọ. Òjò pẹ̀lú a máa wọ dúróòmù àti táǹkì inú ilẹ̀. Omi yìí ń mú irin dípẹtà. Ní ojú ibi tí omi àti epo ti pàdé, àwọn ẹ̀dá tíńtín bí irú èyí tí ń mú kí búrẹ́dì bu a máa hù níbẹ̀; ohun yíyọ̀ dúdú tí wọ́n ń mú jáde ni ó ń dí fílítà.

Àdàlù ni ìṣòro kejì. Kẹrosínì tí a bá dà mọ́ epo dísù ń dín ìyọ̀ rẹ̀ kù. Bẹntiróòlù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń dín ìyọ̀ kù, ó ń dín nọ́ńbà cetane kù, ó sì ń mú kí epo inú táǹkì tètè gbiná lójijì. Bákan náà ni epo tí a fọ̀ nínú igbó ní agbègbè Niger Delta: kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó fi èròjà ìyọ̀ sí i.

5. Àwọn èròjà àfikún

Bí a bá yọ orúkọ tí ó wà lára ìgò kúrò, oríṣi mẹ́fà ni èròjà tí a ń tà.

(a) Èyí tí ń fọ nọ́súlù. Ó wúlò bí nọ́súlù bá ti dọ̀tí díẹ̀díẹ̀. Kò lè tún nọ́súlù tí ó ti jẹ ṣe.

(b) Èyí tí ń gbé nọ́ńbà cetane ga. Ó lè dín ìró àti èéfín òwúrọ̀ kù bí epo bá rẹlẹ̀. Bí epo bá ti dára tẹ́lẹ̀, owó ni a fi ṣòfò.

(d) Èyí tí ń bá omi jà. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ń ya omi kúrò lára epo kí ó lè sọ̀ sísàlẹ̀ fílítà, níbi tí a ó ti tú u dànù. Èkejì, tí ó sábà máa ń ní sípíríìtì nínú, ń po omi mọ́ epo, ó sì ń mú un gba inú nọ́súlù kọjá. Ti àkọ́kọ́ ni ó yẹ ẹ̀rọ ìgbàlódé.

(e) Èyí tí ń pa àwọn ẹ̀dá tíńtín. Májèlé ni, a kì í lò ó àfi bí a bá rí àmì wọn. Bí a kò bá sì tú omi ìsàlẹ̀ dànù, wọn yóò tún padà.

(ẹ) Èyí tí kì í jẹ́ kí epo dì. Nínú òtútù Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìda inú epo a máa dì, a sì máa dí fílítà. Ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, kò sí òtútù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ra èyí ra aṣọ òtútù fún oòrùn ọ̀sán.

(f) Èyí tí ń fi kún ìyọ̀. Ó wúlò bí ó bá di dandan kí a lo epo tí a fura sí pé kẹrosínì wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò, tí àwọn kan ń dà sínú táǹkì dípò rẹ̀, kún fún ẹ̀fún irin àti èérí; ìpalára rẹ̀ ju ìwúlò rẹ̀ lọ.

6. Bí a ṣe lè yan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí a kọ́kọ́ mọ ẹ̀rọ tí a ní. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fara da epo tí kò dára tó fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbàlódé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a ra epo ní ilé epo tí ọjà rẹ̀ ń yá, nítorí pé epo kì í pẹ́ nínú táǹkì wọn. Bí ọkọ̀ agbépo bá ń já epo sílẹ̀ lọ́wọ́, kí a fi ìgbà díẹ̀ sílẹ̀ kí ìdọ̀tí tí ó rú sókè tó sọ̀.

Bí a bá ń ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí dúróòmù, kí a bu díẹ̀ sínú ìgò funfun kan, kí a gbé e kalẹ̀. Epo tí ó dára yóò mọ́ kedere. Bí ó bá rú bí omi ìfọwọ́, tàbí bí omi bá sọ̀ sísàlẹ̀, kí a má ṣe dà á sínú ọkọ̀. Òórùn kẹrosínì tàbí ti bẹntiróòlù pẹ̀lú jẹ́ ìkìlọ̀. Kí a máa rọ epo kún táǹkì ní ìrọ̀lẹ́, kí a máa tú omi ìsàlẹ̀ fílítà dànù déédéé, pàápàá ní àkókò òjò, kí a sì máa pààrọ̀ fílítà ní ìgbà tí ìwé ọkọ̀ bá sọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí àbùkù kan bá ṣì kù tí a mọ̀ dájú, kí a wá yan èròjà kan ṣoṣo tí ó bá a mu, kí a sì lò ó ní ìwọ̀n tí a kọ sára rẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé epo dísù ń jó, ó sì ń mú irin yọ̀. Pé omi àti àdàlù ni ó ń ba iṣẹ́ méjèèjì jẹ́. Àti pé ìgò kan kò lè dá epo burúkú padà di rere. Fílítà kan kò wọ́n tó nọ́súlù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí olówó ọkọ̀ ti ní ojúṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣọ́ èbúté, àwọn ilé ìfọpo àti àwọn ilé epo ní tiwọn. Imí-ọjọ́ kò hàn sí ojú, a kò sì lè fi ìgò funfun mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ tí ó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni ìyẹn wà, ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà sì ni yóò san gbèsè rẹ̀ bí wọn kò bá ṣe é.