Wíwọn Ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà Amúlò Láàrin Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Ọ̀ràn Èdè ní Ìlú Lọ́kọ́jà

Ìfáárà

Bí a bá gbé ìwé lé ọmọ kíláàsì kẹrin lọ́wọ́, tí ó kà á geere láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkọsẹ̀, inú òbí yóò dùn, inú olùkọ́ yóò sì dùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí a bi í léèrè pé kí ni ìwé náà ní kí ó ṣe, ó ṣeé ṣe kí ó kàn máa wo ojú wa. Ohùn rẹ̀ ti ka ìwé. Òye rẹ̀ kò tí ì kà á. Àlàfo tí ó wà láàrin ohùn àti òye yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó ṣeé mú lò, kí a sì fi hàn pé ní ìlú bí Lọ́kọ́jà, òṣùwọ̀n kankan kò lè péye bí a kò bá kọ́kọ́ yanjú ọ̀ràn èdè tí a fi ń wọn ọmọ.

Ohun tí à ń wọ̀n

Ní ọdún 1958, àjọ UNESCO gbà pé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni ẹni tí ó lè ka gbólóhùn kúkúrú nípa ìgbé-ayé rẹ̀ ojoojúmọ́, tí ó lè kọ ọ́, tí ó sì yé e. Ṣáájú èyí, ní 1956, William S. Gray ti jiyàn nínú ìwé tí ó kọ fún àjọ náà pé àwùjọ tí ènìyàn ń gbé ni ó ń sọ bí ìmọ̀ náà yóò ti pọ̀ tó kí ó tó lè wúlò. Nígbà tí ó di 1978, UNESCO gba èrò yìí wọlé. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà amúlò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti là á sílẹ̀ ní ọdún náà, ni ẹni tí ó lè kópa nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwùjọ rẹ̀ ń béèrè kíkọ àti kíkà fún, tí ó sì lè máa lo kíkà, kíkọ àti ìṣirò fún ìdàgbàsókè ara rẹ̀ àti ti àwùjọ náà.

Àgbàlagbà ni àwọn tí ó ṣe ìtumọ̀ yìí ní lọ́kàn, nítorí náà a ní láti bi ara wa pé iṣẹ́ wo ni àwùjọ ń fi ìwé kíkà bẹ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ náà kò kéré. Òun ni ìyá àgbà ń pè kí ó wá ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Òun ni wọ́n ń rán lọ sí kẹ́míìsì, òun náà ni yóò sì ka ohun tí a kọ sára páálí oògùn nígbà tí ó bá délé. Bí ilé-ìwé bá kọ ìwé sí òbí tí kò mọ̀wé, ọmọ ni ògbufọ̀. Ní Lọ́kọ́jà, a tún ní láti fi ọ̀rọ̀ omi kún un, nítorí ìkún-omi ọdún 2012 àti ti 2022 kò tí ì kúrò lọ́kàn àwọn ará Gánájà àti Adankolo. Ìkìlọ̀ lórí ìkún-omi sábà máa ń wà lákọsílẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì sábà máa ń fi kọ ọ́.

A kò fi èyí tẹ́ńbẹ́lú kíkà tí ohùn nìkan ń kà. Ní ilé-kéwú, ohùn ni ó ń ṣáájú, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Àfáà kì í pe ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Kùránì tán ní ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ní àkókò tirẹ̀. Ilé-ìwé ìjọba ni ó máa ń gbọ́ ohùn tán tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti gbọ́ òye.

Lọ́kọ́jà àti èdè rẹ̀

Ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé ni Lọ́kọ́jà wà. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ni ó ni orí òkè tí ó yí i ká. Nupé, Haúsá, Ẹ̀bìrà, Ígálà àti Bàsà wà níbẹ̀. Àwọn Ọkùn láti Kàbà, Ìjùmú, Yàgbà àti Bùnú sì pọ̀ níbẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí ìlú náà ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí ní 1991. Kò sí ohun tuntun nínú èyí. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ń bójú tó iṣẹ́ ìjọ CMS ní etí odò Ọya, tí ilé-ìwé sì bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà láàrin ọdún 1860 sí 1869, ó ti hàn sí i pé èdè kan kò lè tó. Òun tí ó kọ gírámà èdè Yorùbá ni ó tún tẹ gírámà èdè Nupé jáde ní 1864.

Nítorí náà, nínú kíláàsì kan ṣoṣo ní Lọ́kọ́jà lónìí, a lè rí ọmọ tí ń sọ Ẹ̀bìrà nílé, tí ń fi Haúsá ra nǹkan lọ́jà, tí ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí olùkọ́ sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Tí a bá gbé ìdánwò ìwé kíkà fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì gba òdo, kí ni a wọ̀n? Ṣé kíkà ni tàbí Gẹ̀ẹ́sì?

Àwọn òṣùwọ̀n tí ó ti wà

Ní 1996, ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú UNESCO àti UNICEF ṣe àyẹ̀wò kan lórí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin káàkiri Nàìjíríà, lórí kíkà, ìṣirò àti ọgbọ́n ìgbé-ayé. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì tí a fi lélẹ̀ ni ìpíndọ́gba ohun tí àwọn ọmọ gbà nínú kíkà. Nínú ìwádìí MICS ti ọdún 2021, tí a ṣe láti ilé dé ilé, ìdá 27 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 7 sí 14 ni ó ní ìmọ̀ ìpìlẹ̀ nínú kíkà; ti ìṣirò jẹ́ 25. Ìlànà MICS dára ní ọ̀nà méjì. Ọmọ gbọ́dọ̀ ka ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ inú ìtàn náà bí ó ti yẹ, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí ìdáhùn wọn hàn gbangba nínú ìtàn àti méjì tí ó gba ìrònú. Ìlànà náà tún ń béèrè èdè tí à ń sọ nílé àti èdè tí olùkọ́ ń lò.

Ọ̀nà mìíràn ni EGRA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Níbẹ̀, a máa ń ka iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè kà láàrin ìṣẹ́jú kan. Àwa tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ fojú sí èyí dáadáa. ‘Bọ́lá ti lọ sí ilé’ jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún. ‘Bọ́lá ti lọ sílé’ jẹ́ mẹ́rin. Ìtumọ̀ kan náà ni, síbẹ̀ ọmọ tí ó ka ti àkọ́kọ́ ti fi ọ̀rọ̀ kan ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ nítorí ọwọ́ tí òǹkọ̀wé fi kọ ọ́. Bí iye ọ̀rọ̀ inú ìṣẹ́jú kan bá lè yí padà báyìí láàrin èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, kò bójú mu kí a máa fi iye ti Yorùbá wé ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Haúsá.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà. Ká ní a tẹ ‘O ra igba ni oja’ láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ti máa ń ṣe. Igbá tí a fi ń bu omi ni, tàbí ìgbá tí a ń jẹ, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Bí ọmọ bá pè é ní igbá, tí òǹkọ̀wé sì ní ìgbá lọ́kàn, ta ni ó ṣìnà? Lójú tiwa, a kò gbọdọ̀ gba máàkì kankan lọ́wọ́ ọmọ nítorí àṣìṣe tí ó ti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe ìdánwò wá. Bákan náà ni ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ tàbí ọmọ Yàgbà tí ó rí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò, tí ó sì fi ẹ̀ka-èdè rẹ̀ pè é: ó ti kà á, ó sì ti yé e.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a wo oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní ORS. Àlàyé rẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: kí a tú gbogbo ohun tí ó wà nínú ọ̀rá sínú omi lítà kan tí ó mọ́, kí a máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, kí a da èyí tí ó bá kù nù lẹ́yìn wákàtí 24. Ìdánwò tí ó ń gbọ́ ohùn nìkan yóò ní kí ọmọ kà á sókè. Ìdánwò amúlò yóò gbé ike omi sẹ́ńtílítà 50 ka iwájú rẹ̀, yóò sì bi í pé ike mélòó ni yóò lò. Yóò tún bi í pé: ìyá po oògùn yìí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ṣé a lè fún ọmọ mu ú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí kò sí lójú ìwé. Ọmọ ni yóò fa á yọ. Bí ó bá sì ṣì í, àbúrò rẹ̀ lè mu omi tí ó ti bàjẹ́.

Bí ọmọ bá kùnà, iṣẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kí a ka àlàyé kan náà sí i létí ní èdè tí ó fi ń ṣeré. Bí ó bá gbọ́ ọ, tí ó sì ṣe é bí ó ti yẹ, a mọ̀ pé òye kò wọ́n ọn. Kíkà ni a kò tí ì kọ́ ọ. Ọ̀nà àbáyọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà, sílébù àti ìwé tí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pe gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà láìsí àṣìṣe, tí a tún kà á sí i létí ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò sì yé e síbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n kà. Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbọ́. Bí a bá dá ọmọ yìí padà sí kíláàsì lẹ́tà, a fi ọdún kan ṣòfò fún un ni, wọn yóò sì máa pè é ní olódo lórí ohun tí ó ti mọ̀. Máàkì méjèèjì dọ́gba lórí ìwé olùkọ́. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe fún àwọn ọmọ méjèèjì kò bára mu rárá.

Ohun tí òṣùwọ̀n ń fà lẹ́yìn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, àwọn kan lè rò pé ọ̀ràn kíláàsì nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí tàbí ti àdúgbò ni kí a fi máa kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n dá ẹ̀kọ́ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ ni pé àwọn ẹkùn tí ó ti ń lo èdè abínibí jù ni ó ń kùnà jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. A kò jiyàn pé àwọn ọmọ ń kùnà. Ohun tí a ń bi léèrè ni òṣùwọ̀n. Ìdánwò tí a ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ọdún 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kò lè dá sọ èdè tí ó jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀wé tàbí tí kò jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kò sì tí ì jáde ní kíláàsì kẹta nígbà tí a fagi lé ìlànà náà.

Bẹ́ẹ̀, a ti rí ìgbà kan tí a fi òṣùwọ̀n tí ó ṣe déédéé wọn ọ̀ràn yìí. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ‘A’, Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn mìíràn yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. A tẹ̀ lé ìhà méjèèjì, a sì wọ̀n wọ́n lórí ẹ̀kọ́ kan náà. Àwọn ọlọ́dún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n ìlú elédè kan ni Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìwádìí yìí lọ sí Lọ́kọ́jà yóò kọ́kọ́ ní láti dáhùn pé èdè abínibí ta ni.

Olùkọ́ náà kò sì gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òṣùwọ̀n. Ní Kwara, níbi tí Lọ́kọ́jà wà títí di 1991, ìdánwò tí a ṣe fún olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 19,125 ní ọdún 2008 fi hàn pé 75 péré ni ó dé ojú òṣùwọ̀n tí ó kéré jù. Kí a tó bu ọmọ, kí a rántí èyí.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa onímọ̀ èdè

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè ni ó yẹ kí ó máa kọ àwọn àyọkà tí a ó fi ṣe ìdánwò. Kí a má ṣe máa túmọ̀ àyọkà Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tàbí Nupé, kí a sì máa pè wọ́n ní ọgbọọgba; ìtumọ̀ sábà máa ń le ju ojúlówó lọ fún ọmọdé. Kí a kọ ti èdè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lórí iṣẹ́ kan náà, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó péye nínú ti Yorùbá. Kí ìwé máàkì ní òpó mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ohun tí ó kà sókè, ohun tí ó ṣe lẹ́yìn tí ó kà á, àti ohun tí ó ṣe lẹ́yìn tí a kà á sí i létí, kí èdè rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń lọ kọ́ni fún ìdánrawò lè ṣe èyí láìsí owó púpọ̀, ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan, nítòsí fèrèsé kíláàsì.

Kí a tó lo àyọkà kankan, kí a kọ́kọ́ gbé àwọn ìbéèrè rẹ̀ nìkan fún àwọn ọmọ tí kò rí àyọkà náà rárá. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá dáhùn ìbéèrè ike omi nítorí pé wọ́n ti rí bí ìyá wọn ṣe ń po oògùn náà nílé, ìrírí ni ìbéèrè náà ń wọ̀n, kì í ṣe kíkà, a sì ní láti yọ ọ́ kúrò kí a wá òmíràn.