Bíbàlágà Yàtọ̀ sí Dídàgbà

Bí ọmọbìnrin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe nǹkan oṣù, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé ó ti dàgbà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ó ti bàlágà lọ: ara rẹ̀ lè gba oyún. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣì ń gbòòrò. Apá iwájú ọpọlọ, tí ènìyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu tí ó sì fi ń ro ẹ̀yìn ọ̀la, kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi kọjá ọmọ 20 ọdún dáadáa. Àwọn baba wa ti rí èyí kí ìmọ̀ ìṣègùn tó dé ibẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìyá tí ó wà láàrin ọmọ ọdún 10 sí 19 súnmọ́ ewu gìrì aboyún àti àrùn inú ilé-ọmọ ju ẹni ọdún 20 sí 24 lọ. Bí ìrọbí bá sì pẹ́ jù lórí ìbàdí tí kò tíì gbòòrò, ó lè dá ihò sí àpò ìtọ̀, tí ìtọ̀ yóò fi máa dà láìdúró.

Ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí ìlera ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 sí 19, 19 ni ó ti bímọ tàbí tí ó wà nínú oyún àkọ́kọ́. Iye náà ga jù láàrin àwọn tí kò rí ilé ìwé lọ rárá. Ààbò ni ilé ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri àti aṣọ ilé ìwé ni ó ń dáàbò bo ọmọ. Ohun tí a kọ́ ọ níbẹ̀ ni. Ní ọdún 2003 ni a fi ẹ̀kọ́ nípa ìgbé-ayé ìdílé àti àrùn éèdì sínú ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa. Olùkọ́ tí ojú ń tì, tí ó fo ojú ewé yẹn, ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ tan ọmọ náà jẹ. (Òbí tí ó kàn sọ pé kí ó má jẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn án, tí ó sì dákẹ́, kò sàn ju olùkọ́ náà lọ.)

Èyí tí ó ti lóyún ńkọ́? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde kò ní ṣàì mọ àṣà àtijọ́: a pa orúkọ ọmọbìnrin rẹ́ nínú ìwé, ọmọkùnrin tí ó fún un lóyún sì jókòó ṣe ìdánwò WAEC. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ti gbà wọlé, pàṣẹ pé kí a fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ó bá bímọ. Òfin kan náà kò fàyè gba ìgbéyàwó ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, nítorí náà fífi í fọ́kọ kì í ṣe àtúnṣe. Ìjọba Sierra Leone lé àwọn aboyún kúrò ní ilé ìwé ní ọdún 2015. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá wọn lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní oṣù Kẹta ọdún 2020.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé yóò ba àwọn yòókù jẹ́. Ní tiwa, ohun tí lílé e ń kọ́ àwọn yòókù ni pé kí wọ́n fi oyún pamọ́, kí wọ́n sì wá oníṣẹ́yún ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ohun tí ó sábà máa ń dí ìpadàbọ̀ lọ́wọ́ kéré: ẹni tí yóò gbé ọmọ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, àti bàbá tí ó ti búra pé òun kò ní san owó ilé ìwé mọ́. Ìyá àgbà lè yanjú ti àkọ́kọ́; ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ lè bá bàbá náà sọ̀rọ̀. Bí ojú bá sì ń ti ọmọ náà láti padà sáàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ìdánwò WAEC wà fún àwọn tí kò sí ní ilé ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ó bá mọ ìṣirò lè máa kọ́ ọ ní ọ̀sán Sátidé.