Ìkọmànà gámà: orúkọ tó bá iṣẹ́ ẹ̀rọ mu

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín ni èyí tí Faransé ń pè ní sursaut gamma. Ẹni tó bá gbà á láti inú Gẹ̀ẹ́sì yóò fẹ́ kọ "ìbúgbàmù ìtànṣán gámà". Mi ò fara mọ́ ọn. Ìfìrósínjẹ ni gbàmù, ìró kò sì lè ti ìdí ìràwọ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Faransé ní tirẹ̀ mú ọ̀rọ̀ ẹni tó ta gìrì, kò sọ ti ariwo rárá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ bá a pàdé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1967, àwọn sátẹ́láìtì Vela, tí Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ àwọn tó bá ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní ìkọ̀kọ̀, ṣàdédé gba ìtànṣán gámà tí kò jọ ti bọ́ǹbù. Ọdún 1973 ni Klebesadel, Strong àti Olson tó tẹ ìròyìn irú rẹ̀ jáde pé kò ti ayé wá, kò sì ti ara oòrùn wá. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á nígbà náà. Orúkọ tó ń sọ pé nǹkan "bú" ti dáhùn ìbéèrè tí ẹ̀rọ náà kò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "awò". Awò awọ̀nàjíjìn ni à ń pe Swift, tí NASA fi ránṣẹ́ sójú ọ̀run ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá 2004. Ṣùgbọ́n BAT, ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń ṣọ́ gámà, kò ní dígí kankan, nítorí ìtànṣán gámà kì í gbà kí dígí darí òun. Ńṣe ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n to bí 52,000 ègé òjé pẹlẹbẹ sókè, wọ́n sì fi àlàfo sáàárín wọn láìtẹ̀lé ìlà kan. Àwọn kirisítálì 32,768 tó ń gba ìtànṣán wà nísàlẹ̀. Òjé á dí ìtànṣán díẹ̀, àlàfo á jẹ́ kí ìyókù kọjá, òjìji á sì wà lórí kirisítálì. Ẹni tó bá jókòó lábẹ́ àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, tó sì mọ gbogbo ihò rẹ̀, lè wo ilẹ̀ kó sọ ibi tí oòrùn wà láìgbójú sókè. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà Swift ń ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn náà, nígbà mìíràn kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, Swift á ti yíjú síbẹ̀, kí ẹ̀rọ rẹ̀ méjì yòókù lè wo ìtànṣán X àti ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Nítorí wíwò yìí, mo fi "awò" sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní ti BAT, "gbà" ni kí a lò, kì í ṣe "rí".

Mànàmáná ń kọ, àrá ń sán: èdè wa ti ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ sí ìró tipẹ́. Láti inú "kọ mànà" ni mo ti ṣẹ̀dá "ìkọmànà gámà". Ó gba èyí tí ìràwọ̀ ńlá tó wó sínú ara rẹ̀ fà, ó sì gba ti ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2017, nígbà tí ìràwọ̀ neutron méjì kọlu ara wọn. Kí a má túmọ̀ àmì bíi GRB 170817A. Faransé náà kò túmọ̀ rẹ̀.