Àlàfo Inú Orúkọ Fáìlì

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Èdè Faransé ló fi ń kọ iṣẹ́ rẹ̀, fáìlì rẹ̀ sì ń jẹ́ Rapport de stage.pdf. Tó bá fi máòsì tẹ̀ ẹ́, fáìlì á ṣí láìsí wàhálà. Àmọ́ tó bá wọ ojú ìlà àṣẹ, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tó ní kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fódà mìíràn, kọ̀ǹpútà á ní òun ò rí Rapport, òun ò rí de, òun ò sì rí stage.pdf. Kí ló dé?

Àlàfo ló fà á. Lójú ìlà àṣẹ, àlàfo ni ààlà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe, èyí tó kù ni ohun tí yóò ṣe é sí. Ó dà bí ìgbà tí ẹ rán ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò pé kó pe Ìyá Ìbejì wá, tó ń wá Ìyá lọ́tọ̀, tó ń wá Ìbejì lọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe gbé òfin àlàfo yìí kalẹ̀ nìyẹn nínú Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, ní 1969, nígbà tí orúkọ fáìlì kì í gùn.

Ṣé ó léwu? Ó léwu tí àṣẹ bá jẹ́ rm, tó ń pa fáìlì rẹ́. Bí fáìlì mìíràn tó ń jẹ́ stage.pdf bá wà níbẹ̀, òun ni yóò lọ, rm kì í sì í kó nǹkan pa mọ́ de ìgbà tí ẹ bá yí ọkàn padà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fi àmì àyọlò yí orúkọ náà ká: rm "Rapport de stage.pdf". Ẹ sì lè fi ìlà tó fì sẹ́yìn síwájú àlàfo kọ̀ọ̀kan: Rapport\ de\ stage.pdf. Tí ẹ bá tẹ Rap, tí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì Tab, kọ̀ǹpútà á parí rẹ̀ fún yín, bí kò bá sí orúkọ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí nìdí tí mo fi lo àmì àyọlò oníméjì? Orúkọ Faransé máa ń ní àmì ' nínú, bíi Demande d'inscription.pdf. Tí ẹ bá lo oníkan, kọ̀ǹpútà á rò pé àyọlò ti parí sídìí d.

Tí orúkọ bá wà lọ́wọ́ yín láti yàn, ẹ kọ ọ́ báyìí: rapport_de_stage.pdf. Kí ẹ tó lo rm, ẹ kọ́kọ́ fi ls, àṣẹ tó ń to orúkọ fáìlì jáde, wò ó.